Páì Ápù tí Kò Ní Ẹ̀pà Nínú

Ní ọjọ́ àjọ̀dún, a máa ń fẹ́ kí gbogbo ọmọ jẹ, kí wọ́n sì yó. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ẹ̀pà, kasú tàbí álímọ́ńdì kò bá lára mu. Díẹ̀ péré lè dí wọn ní èémí, kí ó sì gba ẹ̀mí wọn. Nítorí wọn ni a ṣe kọ èyí.

Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ gbogbo ohun èlò. Ẹ fi ọwọ́ rún bọ́tà tútù gíráàmù 125 mọ́ fúláwà gíráàmù 250. Ẹ fi omi tútù díẹ̀ pò ó, kí ẹ gbé e sínú fìríìjì fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ bó ápù 4, ẹ gé wọn wẹ́wẹ́, ẹ fi ṣúgà àti kinamoni sí i.

Àwọn mìíràn a máa wọ́n álímọ́ńdì lílọ̀ sí ìsàlẹ̀, kí ó lè fa omi ápù mu. Ẹ̀rún búrẹ́dì gbígbẹ ń ṣe iṣẹ́ kan náà, bí ohun tí a kọ sí ara ọ̀rá rẹ̀ kò bá dárúkọ ẹ̀pà. Ẹ kó ápù lé e, ẹ fi ìyókù fúláwà pípò náà bò ó, kí ẹ yan án nínú ófùn ní ìwọ̀n 200°C fún ìṣẹ́jú 40.

Àsè tí ọmọ kan ń bẹ̀rù kò tíì pé ní àsè.