Gìtá Tòkunbọ̀ Kan ní Ọjà Ekiosa

   Ìròyìn ẹbí ti oṣù yìí wà ní ojú ewé tí ó tẹ̀lé èyí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí ti inú ẹbí tèmi wá, mo sì ti gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi kí n tó kọ ọ́, nítorí owó rẹ̀ ni ó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń bẹ ní Ọ̀wọ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí ó wà lọ́dọ̀ mi níbí, kọ́ iṣẹ́ télọ̀ fún ọdún mẹ́ta nítòsí Ekiosa, ó sì gba fríídọ̀mù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí. Nígbà tí a ṣe gbogbo rẹ̀ tán, ìyá rẹ̀ fi 400,000 náírà ránṣẹ́ pé kí ó fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ ńlá tí ń lo iná, kí ó lè dá dúró. Owó èlùbọ́ ni. Mo mọ bí a ti í rí i.

Ní Sátidé kan ni ọmọ náà ti ọjà dé, kò jẹun, ó kàn dọ̀bálẹ̀ níwájú mi. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo nǹkan kan ní Ekiosa. Ẹ má tíì sọ fún Màámi." Ọ̀rọ̀ tí a bá ti ní kí ìyá ẹni má tíì gbọ́, owó ló ń bẹ nídìí rẹ̀. Mo wọ bàtà mi, mo tẹ̀ lé e.

Ẹni tí ó ń ra ata àti ẹja ní Ekiosa lè lọ kí ó bọ̀ fún ọdún mẹ́wàá kí ó má mọ̀ pé irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀ wà lẹ́yìn ọjà. Ẹrù tòkunbọ̀ ni wọ́n ń tà níbẹ̀: fáànù, áyọ́ọ̀nù, sípíkà, oríṣiríṣi. Láàrin wọn ni gìtá náà wà, tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri. Ó pupa bí epo, ikùn rẹ̀ fẹ̀, ihò méjì tí ó rí bí lẹ́tà f sì wà lójú rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ọ̀gá ìsọ̀ náà, ọmọ Ẹdó tí ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀, kí wa ní "Kóyo". Ó ní 380,000 náírà ni, pé Amẹ́ríkà ni ó ti wá, pé Gibson gan-an ni. Òun ń ta gìtá, ọmọ mi náà ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n títà àwọn méjèèjì kò jọra, mo sì rí i lójú ẹnì kìíní pé ó ti mọ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti wọ inú ọjà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé irú gìtá tí à ń wí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ju oríṣi méjì lọ: èyí tí inú rẹ̀ ṣófo bí igbá tí kò nílò iná, àti èyí tí ara rẹ̀ jẹ́ odindi pákó, tí kò lè dún dé etí ẹnikẹ́ni bí kò bá sí iná. Eléyìí wà láàrin méjèèjì. Apá ọ̀tún àti apá òsì rẹ̀ ṣófo, ṣùgbọ́n ìtì igi kan wà ní àárín gbùngbùn rẹ̀, láti ibi ọrùn títí dé ìdí. Ilé iṣẹ́ Gibson ní Amẹ́ríkà ni ó gbé irú rẹ̀ dé ọjà ní 1958, orúkọ tí wọ́n sì fún un ni ES-335. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni pé gìtá oníná tí inú rẹ̀ ṣófo pátápátá a máa ké bí a bá yí ohùn rẹ̀ sókè. Ohùn tí ó ti inú sípíkà jáde ni yóò padà wá mi ikùn gìtá, irin tí ó wà lábẹ́ okùn, tí àwọn onígìtá ń pè ní pickup, yóò tún gbé ìmì náà lọ sínú sípíkà, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yí po títí gbogbo ìjọ yóò fi di etí. Ìtì igi àárín náà ni ó ń dín in kù. Ó ń dín in kù ni mo wí o, kò pa á. Olóògbé B.B. King, ọ̀gá onígìtá ará Amẹ́ríkà, a máa ki aṣọ bọ ihò gìtá rẹ̀ kí ó má baà ké, nígbà tí Gibson sì ṣe gìtá tí wọ́n fi orúkọ Lucille rẹ̀ pè ní 1980, wọn kò tilẹ̀ dá ihò sí i lójú mọ́.

Ohun kan tún wà tí ó bá ìlú wa mu. Bí wọ́n bá mú iná lọ, gìtá odindi pákó di igi lásán, ṣùgbọ́n eléyìí ṣì ń dún díẹ̀ nínú yàrá, ó tó fún ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ orin lálẹ́ láìjí àwọn ọmọ. Ọmọ mi kò gbàgbé láti sọ èyí fún mi, ó sọ ọ́ tó ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ó tún gbé àwọn àgbà orin wá láti fi bẹ̀bẹ̀. Ó ní Àyìndé Bákàrè ni ó kọ́kọ́ mú gìtá oníná wọ inú jùjú, ní 1949, pé láti ìgbà náà ni ó ti ṣeé ṣe kí ìlù pọ̀ sí i nínú ẹgbẹ́ jùjú láìbo gìtá mọ́lẹ̀. Òtítọ́ ni. Ó ní ẹ wo Sir Victor Uwaifo, ọmọ Ìbíní níbí, ẹni tí ó kọ "Joromi", tí ó sì ti ń bá ẹgbẹ́ Victor Olaiya ṣeré ní Èkó nígbà tí ó wà nílé ẹ̀kọ́. Òtítọ́ ni èyí náà. Ṣùgbọ́n Uwaifo, tí ó fi ayé sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 2021, sọ ọ́ fúnra rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀ pé pákó pẹlẹbẹ ni òun fi ṣe gìtá àkọ́kọ́ òun, pé wáyà tí a fi ń dẹ pàkúté ẹran ni òun fi ṣe okùn rẹ̀, sípóòkù kẹ̀kẹ́ ni òun tẹ́ sí ọrùn rẹ̀, ohun tí a fi ń ṣí agolo sàdíìnì ni òun sì fi ń fún okùn. Mo dá ọmọ náà lóhùn pé Uwaifo kò fi owó ẹ̀rọ ìránṣọ ra ti rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

Síbẹ̀, n kò fẹ́ fi àìmọ̀ dá ẹjọ́. Mo bẹ ọ̀kan nínú àwọn ará wa, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ó ti ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà pípẹ́, a sì jọ padà lọ ní ọjọ́ Túsìdeè. Ohun tí ó ṣe yẹ kí ẹ mọ̀, nítorí ọmọ tiyín náà lè dé láti ọjà lọ́la.

Ó kọ́kọ́ fi iná fóònù tan inú ihò. Bí ojú bá ríran láti ihò kan kọjá dé èkejì, a jẹ́ pé inú rẹ̀ ṣófo pátápátá, kì í ṣe irú èyí tí wọ́n pè é. Ìtì igi wà níbẹ̀. Ó fi eegun ìka kan ojú rẹ̀: lápá méjèèjì ó dún bí àpótí, láàrin ó dún bí ilẹ̀kùn. Ó ka bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, ó rí Korea. Ó wo orí rẹ̀, Epiphone ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo rò pé ìjà yóò ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó rọra ṣàlàyé fún wa pé Gibson ra Epiphone ní 1957, pé láti nǹkan bí 1970 ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Japan, lẹ́yìn náà sí Korea, lẹ́yìn náà sí China. Nítorí náà ọ̀gá ìsọ̀ kò purọ́ tán, kò sì sọ òtítọ́ tán. Gìtá Korea dára púpọ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe owó ti Amẹ́ríkà.

Lẹ́yìn èyí ni ó gbé e sójú bí ọdẹ tí ń wo ẹnu ìbọn. Ọrùn rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, kì í ṣe ohun ẹ̀rù, nítorí irin kan wà nínú ọrùn tí a lè fi kọ́kọ́rọ́ yí kí ó padà tọ́. Ó tẹ okùn kọ̀ọ̀kan mọ́ gbogbo irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó dábùú ọrùn, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń tẹ́tí sí èyí tí yóò gbọ̀n. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ti jẹ. Nígbà tí ó dé ibi tí orí ti so mọ́ ọrùn, ó dákẹ́. Ó fi èékánná tọ ìlà kan tí èmi kò rí. Gìtá náà ti ṣubú rí, orí rẹ̀ ti ya, wọ́n sì ti fi gúlúù lẹ̀ ẹ́. Ó ní irú gìtá yìí, tí orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn, ibẹ̀ ni ó sábà máa ń ṣẹ́, pé bí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ dáadáa ó lè pé ogún ọdún, ṣùgbọ́n iye rẹ̀ kò lè padà sí ti tẹ́lẹ̀ láé. A wo ojú ọ̀gá ìsọ̀. Ọ̀gá ìsọ̀ wo ojú òrùlé.

Ó ku ti iná. A ki wáyà bọ̀ ọ́, a sì ń yí àwọn kókó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ń ṣe bí ẹni ń dín àkàrà. Ìdọ̀tí ni, ó ṣeé fọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí a ti ń ki wáyà bọ̀ ọ́ ti tú, kò sì sí ìdérí lẹ́yìn irú gìtá yìí tí a lè ṣí. Inú ihò f ni a ó ti fa gbogbo rẹ̀ jáde, pẹ̀lú okùn tí a so mọ́ ọn kí ó lè rí ọ̀nà padà. Iṣẹ́ sùúrù ni, ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ṣe kì í sì gba owó kékeré. Ẹ fi èyí kún iye tí ẹ bá ń rò.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ọmọ náà gbà á, ó jókòó, ó sì ta á. N kò mọ orin, ṣùgbọ́n obìnrin kan tí ó gbé igbá tòmátì kọjá dúró. Ọ̀gá ìsọ̀ sọ ọ́ di 290,000. Ará wa ní 240,000. Wọ́n parí rẹ̀ sí 260,000. Mo ní ká lọ sílé ná.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti múra ìbínú sílẹ̀ dè é. Kò bínú. Ó bi mí pé, "Àbúrò mi, gìtá tí ó ń ta ní ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, ta ni ó ni ín?" Mo ní ìjọ ni. "Ẹ̀rọ tí ó fi ń ránṣọ ńkọ́?" Mo ní ọ̀gá rẹ̀ ni, pé ó ṣì jẹ́ kí ó máa lò ó. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé fóònù ti já.

Ìbéèrè rẹ̀ wọ̀ mí lára. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ inú ẹgbẹ́ jùjú mọ̀ pé ọ̀gá ẹgbẹ́, tí wọ́n ń pè ní captain, ni ó sábà máa ń ni gìtá, áńpù àti sípíkà. Ọmọ ẹgbẹ́ tí kò ní irin iṣẹ́ ti rẹ̀, ohun tí captain bá fún un lẹ́yìn òde ni yóò gbà, bí inú bá sì bí captain, ó di ẹni tí ń jókòó sílé pẹ̀lú ọwọ́ tí ó mọṣẹ́. Bákan náà ni télọ̀ tí ń rán aṣọ lórí ẹ̀rọ ẹlòmíràn. Ọmọ náà ti ní iṣẹ́ méjì lọ́wọ́, kò sì ní irin iṣẹ́ kankan.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi tún sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ̀rọ ni kí ó kọ́kọ́ jẹ́ ti rẹ̀. Owó mi kò ní ra gìtá. Ṣùgbọ́n n kò sọ pé kí ó má rà á."

Ọjọ́ méjì ni ọmọ náà fi di ọ̀rọ̀ sínú. N kò dá a lẹ́bi. Bí mo bá wà ní ọjọ́ orí rẹ̀, tí owó náà wà lọ́wọ́ mi, gìtá ni ǹ bá rà, n kò ní purọ́ fún yín. Ní ọjọ́ kẹta ó lọ ra ẹ̀rọ. Ó kó 40,000 náírà tí òun fúnra rẹ̀ ti ń fi pamọ́ diẹ̀diẹ̀, a sì jọ gbé e lọ sí Ekiosa. Ọ̀gá ìsọ̀ gbà pé òun yóò dá gìtá náà dúró títí oṣù Kejìlá, pé kí ó máa san án díẹ̀díẹ̀. A kọ ọ́ sínú ìwé, àwa méjèèjì fọwọ́ sí i, ará wa ọmọ Ìjẹ̀ṣà ṣe ẹlẹ́rìí. Mo bẹ ọ̀gá ìsọ̀ pé kí ó gbé e kúrò nítòsí páànù, nítorí ooru páànù ń tú gúlúù, kí ó má sì jẹ́ kí ọmọ ẹlòmíràn máa fà á. Ó gbé e sẹ́yìn kàǹtà, ó kọ orúkọ ọmọ náà sára bébà, ó sì fi okùn so ó mọ́ ọrùn rẹ̀.

Títí di ìgbà tí mo ń kọ ìwé yìí, ó ti san 115,000. Lọ́jọọjọ́ Sátidé ni ó ń lọ síbẹ̀ lọ fún okùn rẹ̀ kí ó bá ohùn mu, ọ̀gá ìsọ̀ sì ti ní kò tí ì sí ẹni tí ń san gbèsè tí ó tún ń tún ọjà ṣe fún òun. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìgbéyàwó nínú ìròyìn ẹbí ojú ewé kejì, bí ẹ kò bá tíì rí ẹni tí yóò rán aṣọ ẹbí, ẹ bá akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìpàdé ọjọ́ Sọ́ńdè. Bùbá, ṣòkòtò àti agbádá ni ó mọ̀ rán jù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú owó ìṣáájú lọ́wọ́.