Omi òjò: ìdí tí onílé kan fi ń gbà á sílẹ̀, tí òmíràn ń lé e sí títì

Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Gbogbo wa la mọ òwe yìí. Àmọ́ n'Ìbàdàn, àgbàrá tó ń wó ilé ẹlòmíràn, àgbàlá tiwa gan-an ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí òrùlé yín bá jẹ́ mítà 10 ní òòró àti 10 ní ìbú, tí òjò mílímítà 20 bá rọ̀, omi tó máa dà látorí páànù á tó lítà 2,000. Dúrọ́ọ̀mù onílítà 200 mẹ́wàá nìyẹn, láti ilé kan ṣoṣo.

Tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ ló ń mu púpọ̀ nínú rẹ̀. Lónìí, kọ̀ǹkéré àti intalọ́ọ̀kì ti bo àgbàlá. Ọ̀rọ̀ àwọn onílé náà sì yéni: ẹrẹ̀ ń ba bàtà jẹ́, koríko ń fa ejò, ilé tó mọ́ tónítóní sì ń gbówó lórí.

Ibi tí wàhálà wà nìyí: ẹni tó wà lókè ló máa náwó, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló máa jàǹfààní. Ta ló fẹ́ gbẹ́ kòtò tí omi máa rì sí torí ilé aládùúgbò? Ayálégbé á ní ilé kì í ṣe tòun. Lándílọ́ọ̀dù á ní iṣẹ́ ìjọba ni.

Ṣùgbọ́n níbi tí omi ẹ̀rọ ò ti sí, àwọn èèyàn kan náà ló ń gbé dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ wọ́n, àwọn náà ló máa fi omi ọ̀hún fọṣọ.

Torí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tí èrè yín wà. Ẹ gbé táńkì sílẹ̀, kẹ́ ẹ dé e dáadáa nítorí ẹ̀fọn. Ẹ fi ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ láìbò fún ata àti ewédú. Bí táńkì bá kún, ẹ darí omi sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kó jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé àti ṣalángá.

Òótọ́ ni pé èyí nìkan ò lè dá omíyalé ńlá dúró. Òjò ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, tó pa èèyàn tó lé ní 100 n'Ìbàdàn, ju mílímítà 180 lọ. Lórí òrùlé kan náà, ó ju dúrọ́ọ̀mù 90 lọ. Gọ́tà àti odò ṣì wà lọ́rùn ìjọba. Àmọ́ òjò kéékèèké tó ń ba àdúgbò jẹ́ lọ́dọọdún, bí gbogbo ilé tó wà lórí òkè bá gba tiwọn sílẹ̀, ará ìsàlẹ̀ á rí oorun sùn.