Irin Gbígbóná Lórí Awọ: Bí A Ṣe Ń Ṣe Ọnà sí Èèpo Ìwé Ètò Ojoojúmọ́

Lára àwọn ọnà tí ènìyàn lè ṣe sí èèpo aláwọ tí wọ́n fi ń bo ìwé ètò ojoojúmọ́, ìyẹn ìwé tí oníṣẹ́ ọ́fíìsì, olùkọ́ àti oníṣòwò ń kọ àdéhùn, ìnáwó àti ọjọ́ ìpàdé sí, ni fífi irin gbígbóná yàwòrán, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní pyrography. Ooru ẹnu irin ni ó ń jó ojú awọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi pọ́n, tí yóò sì dúdú, láìsí yíǹkì, láìsí ọ̀dà. Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti kọ́, ṣùgbọ́n ohun tó sábà máa ń ba iṣẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ jẹ́ kì í ṣe àìmọ̀ọ́ṣe ọwọ́ rẹ̀ bí kò ṣe irú awọ tí ó rà.

Ọnà yìí ti pẹ́ láyé. Àwọn ènìyàn agbègbè odò Gongola ní àríwá-ìlà-oòrùn Nàìjíríà ti ń fi irin gbígbóná jó ọnà sára igbá tipẹ́tipẹ́, nígbà tí àwọn onígbá Ọ̀yọ́ gbájú mọ́ fífi ọ̀bẹ fín tiwọn. Ní Amẹ́ríkà, Robert Ball Hughes, oníṣẹ́ ère tí wọ́n bí ní ìlú London, tó sì kú ní 1868, ń fi irin tí ó ki bọ iná yàwòrán sára pákó. Nígbà tó fi di òpin ọ̀rúndún 19, irinṣẹ́ tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ platinum, tí òórù bẹnsíìnì ń mú gbóná, ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi ọnà ṣe fàájì nínú ilé, kí iná mànàmáná tó wá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí awọ ẹran má baà jẹrà, ó ní ohun tí a ń rẹ ẹ́ sí, ọ̀nà méjì ló sì wọ́pọ̀. Ti àkọ́kọ́ ni rírẹ ẹ́ sínú omi èèpo igi, ewé tàbí èso tí oje rẹ̀ korò, kí oje náà lè wọ inú awọ lọ. Báyìí ni àwọn aláwọ Kano àti Sokoto ṣe ń lo èso igi tí àwọn Hausa ń pè ní bagaruwa, tí awọ ewúrẹ́ pupa wọn sì ń gba aṣálẹ̀ Sahara kọjá dé Morocco láyé àtijọ́, níbi tí àwọn ará Yúróòpù ti ń rà á, tí wọ́n sì wá fi orúkọ Morocco pè é. Orúkọ ẹni tó tà á ni awọ náà jẹ́, kì í ṣe ti ẹni tó ṣe é. Ọ̀nà kejì ni lílo iyọ̀ kírómíọ́mù, èyí tí Augustus Schultz gba ìwé àṣẹ lé lórí ní Amẹ́ríkà ní 1884. Ó yá ju ti oje igi lọ, awọ rẹ̀ sì máa ń rọ̀, ìdí nìyí tí òun fi pọ̀ jù nínú bàtà àti àpò tó wà lọ́jà.

Awọ oje igi nìkan ni ó yẹ kí irin gbígbóná kàn. Ooru líle lè sọ kírómíọ́mù inú awọ kejì di irú mìíràn tó jẹ́ májèlé, tó sì lè fa jẹjẹrẹ fún ẹni tó bá ń fa á símú. Awọ àtọwọ́dá, tó jẹ́ ike lásán, tún burú, nítorí yíyọ́ ni yóò yọ́, tí èéfín rẹ̀ yóò sì máa ta ènìyàn ní imú àti ní ojú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ lè wo etí ibi tí wọ́n ti gé awọ: ti oje igi máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú láti òkè dé ìsàlẹ̀, nígbà tí ti kírómíọ́mù sábà máa ń ní àwọ̀ búlúù tàbí ti eérú láàárín. Ẹ̀kán omi kan tún lè sọ̀rọ̀, nítorí awọ oje igi tí wọn kò tíì kùn ní ọ̀dà máa ń fà á mu, ojú ibẹ̀ yóò sì dúdú. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣì rú olùrà lójú, kí ó fi awọ náà sílẹ̀ fún oníbàtà.

Fún ìwé ìwọ̀n A5, tó jẹ́ 148 mílímítà ní ìbú àti 210 ní gíga, awọ tó fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 33, tó sì ga tó 23, yóò tó fún iwájú, ẹ̀yìn àti ibi tí èèpo ti ń ṣẹ́. Kí a tó rán àpò inú rẹ̀ ni kí a ti ṣe ọnà tán, nígbà tí awọ ṣì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ibi ìṣẹ́po yẹn gan-an ni àwọn akọ́ṣẹ́ kì í rò: ìlà tí iná bá jó jinlẹ̀ níbẹ̀ yóò gbẹ, yóò sì máa sán bí a ti ń ṣí ìwé, tí a sì ń pa á dé. Nítorí náà, kí òdòdó àti àmì wà ní iwájú, kí ibi ìṣẹ́po má ní ju ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ.

Irinṣẹ́ oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan dà bí irin tí àwọn atún-rédíò-ṣe fi ń jó òjé, owó rẹ̀ kò wọ́n, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò ní ibi tí a ti ń dín ooru kù. Èkejì ní wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́nu àti bọ́tìnnì tí a fi ń dín ooru kù tàbí fi kún un, òun ló sì dára jù fún awọ, tí í tètè jó ju pákó lọ.

Láti gbé àwòrán sórí awọ, a ó fi omi díẹ̀ pa ojú rẹ̀, a ó tẹ́ bébà àwòrán lé e, a ó sì fi ohun tí ẹnu rẹ̀ kò mú tẹ àwòrán náà títí yóò fi jìn wọlé. Pẹ́ńsù kò dára, nítorí kì í sábà pa rẹ́ lórí awọ. Lẹ́yìn náà, kí awọ gbẹ dáadáa kí irin tó kàn án, torí pé awọ tútù máa ń súnkì bí ooru bá bà á. Bí ẹnu irin ti ń lọ jẹ́jẹ́, ojú awọ yóò kọ́kọ́ pọ́n bí oyin, yóò wá di àwọ̀ kọfí, òórùn irun ewúrẹ́ tí iná ń wi yóò sì gba inú yàrá; bí ọwọ́ bá dúró ní ojú kan fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ibẹ̀ yóò dúdú, ó sì lè lu. Èédú tó ń lẹ̀ mọ́ ẹnu irin a máa mú kí ìlà rú, nítorí náà kí a máa nù ún lóòrèkóòrè. Kí fèrèsé ṣí, kí fáànù máa fa èéfín jáde láìfẹ́ lu irin, kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ sì bo imú. Orí àgékù awọ kan náà ni kí ó ti kọ́kọ́ dán gbogbo rẹ̀ wò.

Nígbà tí ọnà bá parí, aṣọ rírọ̀ ni a fi ń nu eérú kúrò, kí a tó fi ìda oyin díẹ̀ pa á. Oòrùn àti ọwọ́ yóò máa mú kí awọ oje igi pọ́n sí i lọ́dọọdún, ìlà tí kò bá sì dúdú tó yóò pòórá sínú rẹ̀. Kí ẹni tó bá fẹ́ kí ọnà rẹ̀ pẹ́ jẹ́ kí ìlà dúdú díẹ̀ ju bí ojú rẹ̀ ṣe fẹ́ ẹ lọ.