Ojúṣe Ẹni Kẹta nínú Títọpa Ajẹgbèsè: Ohun tí Ìwà Ọmọlúàbí Béèrè lọ́wọ́ Aládùúgbò àti Olùkọ́

Ìfáàrà

Àwùjọ Yorùbá kò fi ojú kékeré wo ọ̀rọ̀ gbèsè rí. Òwe wọn sọ pé ẹni tí ó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Ìtumọ̀ èyí ni pé ẹni tí kò san gbèsè ńlá ti ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́ débi pé kò ní rí owó kékeré pàápàá yá lọ́jọ́ mìíràn. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó lè fi àṣà Yorùbá gbe ẹni tí ó jẹ gbèsè tí ó sì sá lọ lẹ́sẹ̀.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ gbèsè kì í mọ sọ́dọ̀ ayánilówó àti ajẹgbèsè nìkan. Ẹni kẹta sábà máa ń wà níbẹ̀, tí kò yáni lówó, tí kò sì jẹ gbèsè, ṣùgbọ́n tí ó mọ ibi tí ajẹgbèsè wà. Ó lè jẹ́ aládùúgbò, ó lè jẹ́ onílé, ó lè jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ìfowópamọ́, ó sì lè jẹ́ olùkọ́ tí àdírẹ́sì òbí wà nínú ìwé tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Bí agbowó-gbèsè bá bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé, "Níbo ni lágbájá ń gbé báyìí?", kí ni ó tọ́ kí ó ṣe? Ìbéèrè yìí ni iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé kò sí ohun tí ó burú nínú kí ènìyàn ran ẹni tí wọ́n jẹ lówó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ibi tí ẹlòmíràn wà hàn ti di alábàápín nínú ohun tí wọ́n bá fi ìmọ̀ náà ṣe.

Gbígba Gbèsè Láyé Àtijọ́

Nínú ìwé rẹ̀, The History of the Yorubas, tí ó parí ní ọdún 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, Samuel Johnson ṣàlàyé iṣẹ́ ológò. Bí ayánilówó bá ti gba ìdájọ́, tí ajẹgbèsè kò sì san, ayánilówó a máa tọ àwọn aláṣẹ ìlú lọ láti gba ológò. Ológò yìí ni yóò wá ajẹgbèsè kàn, tí yóò wọ ilé rẹ̀, tí yóò sì dógò tì í. Yóò sọ ara rẹ̀ di ìyọlẹ́nu fún gbogbo agbo ilé. Yóò mú adìẹ tàbí ewúrẹ́ tí ó bá rí, yóò pa á jẹ, títí owó yóò fi jáde. Owó iṣẹ́ tirẹ̀ náà, ọrùn ajẹgbèsè ló wà.

Ìlànà yìí le, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ nítorí pé ó jẹ́ ti àwọn baba ńlá. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta wà nínú rẹ̀ tí ó yẹ fún àkíyèsí. Àkọ́kọ́, ìdájọ́ ni ó ṣáájú. Wọn kì í rán ológò sí ẹni tí wọn kò tíì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Èkejì, àṣẹ ìlú ni ológò gbé dání, kì í ṣe àṣẹ ayánilówó nìkan. Ẹ̀kẹta, gbangba ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ènìyàn mọ ẹni tí ó jẹ́ àti ohun tí ó wá ṣe.

Ìlànà mìíràn tí ó yàtọ̀ sí èyí ni ẹ̀mú, tí àwọn mìíràn ń pè ní àmúyá, èyí tí òpìtàn Olatunji Ojo ti kọ̀wé lé lórí. Nínú àmúyá, bí ọwọ́ kò bá tẹ ajẹgbèsè, wọn a máa mú ẹbí rẹ̀, ará ilé rẹ̀ tàbí ará ìlú rẹ̀, tàbí ẹrù wọn, dípò rẹ̀. Ẹni tí wọ́n mú lè má mọ ohunkóhun nípa gbèsè náà. Kò yani lẹ́nu pé irú ìwà bẹ́ẹ̀ a máa dá ìjà sílẹ̀ láàrin ìlú àti ìlú.

Ní ọ̀rúndún ogún, àwọn oníṣòwò aṣọ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n ń pè ní òṣómàáló, ń ta aṣọ láwìn káàkiri. Orúkọ wọn fi ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gba owó hàn: wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà oníbàárà, wọn kò sì ní dìde títí wọn yóò fi gba owó wọn. Òṣómàáló fúnra rẹ̀ ni ó mọ ilé tí ó ta ọjà sí. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń padà lọ síbẹ̀.

Onídùúró, Ẹlẹ́rìí àti Olófòófó

Èdè Yorùbá ti pín àwọn ẹni kẹta sí ọ̀nà oríṣiríṣi. Onídùúró, tàbí onígbọ̀wọ́, ni ẹni tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ kí owó tó jáde pé bí lágbájá kò bá san, òun yóò san tàbí òun yóò wá a jáde. Irú ẹni yìí pọ̀ nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olùkọ́, níbi tí olùkọ́ kan ti ń dúró fún èkejì. Bí wọ́n bá bi onídùúró ní ibi tí ajẹgbèsè wà, kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun, nítorí pé ó ti gbà á tẹ́lẹ̀.

Ẹlẹ́rìí ni ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀, tí ó sì ń sọ ohun tí ó mọ̀ níbi tí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ti lè gbọ́ kí ó sì fèsì. Olófòófó ní tirẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, pàápàá nígbà tí èrè bá wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹlẹ́rìí sọ àti èyí tí olófòófó sọ lè jẹ́ òtítọ́ kan náà. Ohun tí ó yà wọ́n ni ibi tí wọ́n ti sọ ọ́, ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún, àti ohun tí wọ́n mọ̀ pé yóò tẹ̀lé e.

Ìyípadà tí Ó Dé Láyé Òde Òní

Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń yáni lówó lórí fóònù gbòde ní Nàìjíríà, títọpa ajẹgbèsè gba ọ̀nà tuntun. Kí oníbàárà tó rí owó gbà, ẹ̀rọ a máa béèrè ààyè láti wo gbogbo nọ́ńbà tí ó wà lórí fóònù rẹ̀. Bí ọjọ́ sísan bá kọjá, àwọn ilé-iṣẹ́ kan a máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àna rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, pé olè ni, pé oníjìbìtì ni. Bí a bá wò ó dáadáa, àmúyá ni èyí ní aṣọ tuntun: wọ́n ń fi ojú ẹni tí kò jẹ gbèsè rí màbo kí ẹni tí ó jẹ ẹ́ lè san. Yorùbá sì gbà pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ẹni tí ó ń fi ẹ̀sín gba gbèsè ń fi ohun tí ó wúwo ju owó lọ ṣeré.

Ìjọba kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, àjọ NITDA, tí ń mójú tó ìdàgbàsókè ìmọ̀-ẹ̀rọ, bu ìtanràn 10 mílíọ̀nù náírà lé ilé-iṣẹ́ ayánilówó kan lórí nítorí irú ìwà yìí. Ní ọdún 2022, àjọ FCCPC, tí ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn oníbàárà, gbé ìlànà ìforúkọsílẹ̀ kalẹ̀ fún àwọn ayánilówó orí fóònù. Ní ọdún 2023, Google kò gbà mọ́ kí irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa wo nọ́ńbà àti àwòrán tí ó wà lórí fóònù oníbàárà. Ọdún yìí kan náà ni Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà di òfin. Ní ọdún 2025, FCCPC tún gbé ìlànà mìíràn jáde, tí ìtanràn rẹ̀ lè tó 100 mílíọ̀nù náírà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ilé-iṣẹ́ tí ó bá rú u.

Ohun tí Òfin Sọ

Jíjẹ gbèsè lásán kì í ṣe ọ̀ràn tí ọlọ́pàá lè tìtorí rẹ̀ mú ènìyàn. Òfin Ìgbẹ́jọ́ Ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2015, sọ ní abala kẹjọ pé wọn kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni nítorí àìmú-àdéhùn-ṣẹ nìkan. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 tún sọ ohun kan náà ní abala 32. Abala keje òfin ti ọdún 2015 kò sì gbà kí wọ́n mú ẹnì kan dípò ẹlòmíràn. Bí ó bá jẹ́ pé jìbìtì ni ajẹgbèsè fi gba owó, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ ni yóò sọ pé jìbìtì ni.

Òfin kò fi ayánilówó sílẹ̀ láìní olùrànlọ́wọ́. Láti ọdún 2018 ni ìlú Èkó ti ní ilé ẹjọ́ fún àwọn gbèsè tí kò ju 5 mílíọ̀nù náírà lọ. Bí òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́ kò bá rí ajẹgbèsè fi ìwé ìpẹ̀jọ́ lé lọ́wọ́, ilé ẹjọ́ lè pàṣẹ kí wọ́n gba ọ̀nà mìíràn, bíi kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilé tí ó ń gbé kẹ́yìn. Láti ọdún 2020, ìlànà Báǹkì Àpapọ̀ ti fún ilé ìfowópamọ́ láyè láti gba gbèsè tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá nínú àpò ìfowópamọ́ mìíràn tí ajẹgbèsè ní, nípasẹ̀ nọ́ńbà BVN rẹ̀. Èyí fi hàn pé ẹni tí ó ní ẹ̀rí lọ́wọ́ ní ọ̀nà tí ó lè gbà láìfi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ tan aládùúgbò.

Ìbéèrè Mẹ́ta

Ẹni tí wọ́n bá bi ní ibi tí ajẹgbèsè wà ní láti kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta. Èkíní ni pé, ta ni ó ń béèrè, ẹ̀rí wo ni ó sì mú wá? Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí ń sọ pé òun jẹ́ ayánilówó lè jẹ́ ọkọ tí ìyàwó sá fún nítorí lílù, tàbí ẹni tí ó fẹ́ ṣe ibi.

Èkejì ni pé, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti mọ̀ ọ́n? Bí ìwé ìpẹ̀jọ́ ni yóò tẹ̀lé e, ìrànlọ́wọ́ náà tọ́. Bí ó bá jẹ́ àwọn jàǹdùkú ni, ẹni tí ó fi ọ̀nà hàn kò lè wẹ ọwọ́ rẹ̀ nù. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́.

Ẹ̀kẹta ni pé, báwo ni ìmọ̀ náà ṣe dé ọwọ́ rẹ̀? Ohun tí gbogbo àdúgbò fojú rí yàtọ̀ sí ohun tí ajẹgbèsè fi sọ́wọ́ ẹnì kan nítorí iṣẹ́ tí onítọ̀hún ń ṣe. Irú ìmọ̀ kejì yìí, ohun ìfipamọ́ ni, kò sì tọ́ kí ẹni tí wọ́n fi í pamọ́ sí lọ́wọ́ fi tọrẹ.

Bí ìdáhùn kò bá dá a lójú, ọ̀nà kan ṣì kù: kí ó gba orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tí ó ń béèrè, kí ó sì jẹ́ iṣẹ́ náà fún ajẹgbèsè pé kí ó lọ yanjú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò fi ibi tí ẹnikẹ́ni wà hàn, kò sì purọ́. "N kò lè sọ" yàtọ̀ gédégédé sí "N kò mọ̀".

Àwọn kan lè sọ pé jíjẹ́ iṣẹ́ báyìí yóò fún ajẹgbèsè láyè láti sá, àti pé ayánilówó lè jẹ́ opó tí ó ta ọjà láwìn, tí owó náà sì jẹ́ gbogbo ohun tí ó ní. Òótọ́ ni. Fífi ojú àánú bo ọ̀bàyéjẹ́ mọ́lẹ̀ kì í ṣe ìwà ọmọlúàbí. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé ajẹgbèsè mọ̀ọ́mọ̀ rẹ́ opó jẹ ni, ipò ẹlẹ́rìí ni kí ó dúró sí: kí ó bá opó náà dé iwájú baálé, ẹgbẹ́ ọjà tàbí ilé ẹjọ́, kí ó sì sọ ohun tí ó mọ̀ níbẹ̀.

Olùkọ́ àti Ìwé Orúkọ Ilé-ẹ̀kọ́

Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Ìwé orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ ní àdírẹ́sì òbí, iṣẹ́ rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ nínú. Òbí kọ wọ́n síbẹ̀ kí wọ́n lè pè é bí ara ọmọ kò bá yá, kì í ṣe kí agbowó-gbèsè lè rí i. Ẹ̀tọ́ sí ìpamọ́ ọ̀rọ̀ ilé ẹni wà nínú abala 37 Òfin Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sì fún ọmọ ní irú ẹ̀tọ́ yìí ní abala kẹjọ. Olùkọ́ tí ó bá ṣí ìwé náà fún àlejò ti lo ohun ìfipamọ́ fún ohun tí wọn kò torí rẹ̀ fi í pamọ́.

Èyí tí ó tún burú jù ni kí wọ́n pe ọmọ jáde láti inú kíláàsì kí wọ́n sì bi í pé, "Níbo ni bàbá rẹ wà?" Ọ̀nà méjì péré ni ó kù fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀: kí ó purọ́ fún olùkọ́, tàbí kí ó tú àṣírí òbí. Èyíkéyìí tí ó bá yàn, ẹ̀kọ́ tí kò dára ni ilé-ẹ̀kọ́ fi kọ́ ọ lọ́jọ́ náà.

Nígbà mìíràn, ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ni wọ́n jẹ lówó, nígbà tí owó ilé-ẹ̀kọ́ kò bá wọlé. Ó ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀wé sí òbí, láti pè é, kí ó sì gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ bí ó bá di dandan. Ṣùgbọ́n kíka orúkọ ọmọ síta níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, àmúyá náà ni. Ọmọ kò yá owó, kò sì ní ohun tí yóò fi san án.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé kì í ṣe gbogbo ìrànlọ́wọ́ fún agbowó-gbèsè ni ó dára, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó burú. Ó yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlànà tí ó wà ní àkọsílẹ̀ nípa ẹni tí ó lè wo ìwé orúkọ àti ìdí tí ó fi lè wò ó, kí olùkọ́ tí àlejò bá bi ní ìbéèrè lè tọ́ka sí ìlànà náà, kí ó sì darí àlejò sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní láti mọ èyí kí wọ́n tó lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, nítorí pé àwọn ni wọ́n sábà máa ń fà lé ìwé orúkọ kíláàsì lọ́wọ́. Bí ẹni tí ó ń béèrè bá mú ìwé ilé ẹjọ́ wá, kí wọ́n ṣe ohun tí ìwé náà pa láṣẹ. Bí kò bá mú un wá, kí wọ́n gba nọ́ńbà rẹ̀, kí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí òbí, kí ọmọ sì máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ.