Ìdíje Tí Kò Di Ọ̀tá: Ohun Tí Fíìmù "Rush" Lè Kọ́ Ìdílé Wa

Kò síbi tí ìdíje kì í dé. Ó wà láàrin ọmọ ìyá méjì tí wọ́n jọ ń lọ sí ilé-ìwé kan náà. Ó wà láàrin aránṣọ méjì tí ìsọ̀ wọn kọjú síra. Kódà, ó máa ń wọ inú ẹgbẹ́ akọrin. Ìbéèrè tí ó yẹ kí olúkúlùkù wa bi ara rẹ̀ ni èyí: ẹni tí a jọ ń du ipò kan náà, ṣé ọ̀tá wa ni àbí olùkọ́ wa?

Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n fi ọkọ̀ sáré ìje ní 1976, tí a sì fi ìtàn wọn ṣe fíìmù ní 2013. Orúkọ fíìmù náà ni "Rush". Ron Howard, ará Amẹ́ríkà, ni ó darí rẹ̀. Peter Morgan, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kọ ìtàn rẹ̀.

Kí a tó lọ síwájú, ó yẹ kí a kìlọ̀ fún ẹ̀yin òbí. Fíìmù yìí kì í ṣe ti ọmọdé. Ìwà àgbèrè wà nínú rẹ̀, ìhòòhò wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ rírùn wà nínú rẹ̀, ara tí iná jó sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní Ìlú Ọba, wọn kò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 wò ó ní ilé sinimá. Ṣùgbọ́n ìtàn tí ó wà nídìí rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Àgbàlagbà lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú rẹ̀, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Àwọn ọkùnrin méjì náà

Ẹni kìíní ni Niki Lauda. Ìlú Vienna ní orílẹ̀-èdè Austria ni a bí i sí ní ọjọ́ 22 oṣù kejì, 1949. Ilé ọlọ́rọ̀ ni ó ti jáde, ṣùgbọ́n àwọn ẹbí rẹ̀ kò fẹ́ kí ó máa fi ọkọ̀ sáré ìje. Wọn kò sì fẹ́ ná owó lé e lórí. Kí ni ó ṣe? Ó lọ yá owó ní báńkì, ó sì fi owó náà ra àyè fún ara rẹ̀ láàrin àwọn awakọ̀. Ẹni tí ó ti jẹ gbèsè kí ó tó jókòó sídìí ọkọ̀ kò ní fi iṣẹ́ náà ṣeré. Lauda a máa ṣírò ohun gbogbo. A máa jókòó ti àwọn mẹkáníìkì títí ọkọ̀ yóò fi rí bí ó ti fẹ́. Ohun tí ó bá rò ni yóò sọ, ìbáà dùn mọ́ ẹni tí ń gbọ́ nínú tàbí kí ó má dùn mọ́ ọn. Ní 1975, ó gba ipò kìíní ní gbogbo àgbáyé pẹ̀lú ọkọ̀ Ferrari ti ilẹ̀ Ítálì.

Ẹnì kejì ni James Hunt, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a bí ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ, 1947. Ó ga, ó rẹwà, àwọn ènìyàn sì fẹ́ràn rẹ̀. Ọtí, sìgá àti obìnrin kò jìnnà sí i. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹ̀rù kì í ba irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ìpayà a máa mú un débi pé yóò máa bì. Bí ó bá sì ti wọ inú ọkọ̀ tán, a máa sáré bí ẹni tí kò gbọ́ rí pé ikú wà. Ní 1976 ni ó bọ́ sí ẹgbẹ́ McLaren, bí òun àti Lauda ṣe kọjú síra nìyẹn.

Ẹjọ́ tí ó pọ̀ ju eré lọ

Formula One ni a ń pe eré ìje yìí. Láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì ni wọ́n ti ń sá a. Ní ìgbà náà, ẹni tí ó bá gba ipò kìíní a gba máàkì 9, ẹnì kejì a gba 6, ẹnì kẹta a gba 4. Ní ìparí ọdún, wọn yóò ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ láti mọ ẹni tí ó borí. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ikú awakọ̀ lójú eré kì í ṣe ohun tí ó ṣọ̀wọ́n.

Ọdún 1976 kún fún àríyànjiyàn. Hunt borí ní Spain, wọ́n wọn ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n ní ó fi sẹ̀ǹtímítà 1.8 fẹ̀ ju bí òfin ti sọ. Wọ́n gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbà tí ó yá ni wọ́n dá a padà fún un. Ó tún borí ní Brands Hatch ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹjọ́ tún dé, wọ́n sì gbé ipò kìíní náà fún Lauda. Ẹ wò ó bí inú yóò ti rí! Bí ó bá jẹ́ pé torí irú nǹkan báyìí ni ènìyàn méjì fi ń di ọ̀tá ara wọn, ìdí pọ̀ fún àwọn méjèèjì.

Iná ní Nürburgring

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, 1976, eré kan Jámánì, ní pápá tí a ń pè ní Nürburgring. Ọ̀nà yìí gùn tó kìlómítà 22.8 ní ìyípo kan, ó kún fún kọ́nà àti òkè, àárín igbó ni ó sì gbà kọjá. Lauda ti sọ pé ọ̀nà náà léwu jù, nítorí pé bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, yóò pẹ́ kí olùrànlọ́wọ́ tó dé. Ó rọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má sá eré ọdún náà níbẹ̀. Wọ́n dìbò, ohùn rẹ̀ kò borí. Òun náà sì bá wọn lọ.

Ní ìyípo kejì, ọkọ̀ Lauda ṣàdédé yà kúrò lójú ọ̀nà, ó kọlu ẹ̀gbẹ́ òkè, ó gbiná. Àṣíborí ti bọ́ kúrò ní orí rẹ̀. Awakọ̀ mẹ́rin, Arturo Merzario, Guy Edwards, Brett Lunger àti Harald Ertl, wọ inú iná lọ láti fà á jáde. Ẹ kíyè sí i pé àwọn tí wọ́n jọ ń bá a díje ni wọ́n yọ ọ́ nínú iná.

Orí àti ojú rẹ̀ jó, ó sì pàdánù apá tí ó pọ̀ jù nínú etí ọ̀tún rẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni èéfín olóró tí ó fà sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, àlùfáà ìjọ Àgùdà wá ṣe ètò ìkẹyìn tí wọ́n máa ń ṣe fún ẹni tí ó ń kú lọ. Ṣùgbọ́n Lauda kò kú. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré, ó tún wọ ọkọ̀ ní Monza ní ilẹ̀ Ítálì. Báńdéèjì wà ní orí rẹ̀, egbò kò tíì san, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lára rẹ̀. Ipò kẹrin ni ó gbà.

Nígbà tí ó wà lórí ibùsùn, Hunt ń borí níhìn-ín lọ́hùn-ún. Fíìmù náà fi hàn wá pé ìborí Hunt tí Lauda ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n ni ó gbé e dìde.

Òjò ní Fuji

Ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá ni eré tí ó parí ọdún náà, ní Fuji ní ilẹ̀ Japan. Lauda ní máàkì 68, Hunt ní 65. Òjò rọ̀, omi kún ojú ọ̀nà, ìkùukùu bolẹ̀. Iná ti ba ìpéǹpéjú Lauda jẹ́, kò lè ṣẹ́jú dáadáa. Lẹ́yìn ìyípo méjì, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ padà sí ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó sì bọ́ sílẹ̀. Ó ní ẹ̀mí òun ṣe pàtàkì ju ife-ẹ̀yẹ lọ.

Ibí yìí ni ó yẹ kí a ti dúró díẹ̀. Mauro Forghieri, ọ̀gá àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ Ferrari, fẹ́ bò ó ní àṣírí. Ó ní kí àwọn sọ fún ayé pé ẹ́ńjìnì ni ó bàjẹ́. Irọ́ kékeré ni, kò ní pa ẹnikẹ́ni lára, kò sì sẹ́ni tí yóò mọ̀. Lauda kọ̀. Ó ní òun fúnra òun ni òun pinnu láti dúró, bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n sọ. Àwọn kan ní Ítálì pè é ní ojo. Ó gba orúkọ náà, kò gba irọ́. Ẹ̀yin ará, mélòó nínú wa ni kò ní sọ pé ẹ́ńjìnì ni?

Àwọn àgbà wa sì sọ pé akínkanjú tí ó mọ ogun í jà tí kò mọ ogun í sá, yóò bá ogun lọ. Ọkùnrin tí ó padà sídìí ọkọ̀ pẹ̀lú egbò lórí kì í ṣe ojo. Ìgboyà kan náà ni ó fi wọ ọkọ̀ ní Monza tí ó sì fi bọ́ sílẹ̀ ní Fuji.

Hunt ní tirẹ̀ tẹ̀ síwájú. Ó wà níwájú fún ìgbà pípẹ́, táyà rẹ̀ bàjẹ́ nígbà tí eré ń parí lọ, ó dúró láti pààrọ̀ rẹ̀, ó sì tún sáré padà. Mario Andretti ni ó gba ipò kìíní ní ọjọ́ náà. Ipò kẹta bọ́ sí ọwọ́ Hunt. Máàkì 4 tí ó gbà sọ ọ́ di 69 sí 68. Máàkì kan ṣoṣo ni ó fi di ọ̀gá gbogbo àgbáyé!

Ibi tí fíìmù ti fi iyọ̀ sí i

Ẹni tí ó bá wo fíìmù yìí lè rò pé àwọn méjèèjì kórìíra ara wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó lókìkí ni wọ́n ti mọra, ọ̀rẹ́ sì ni wọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwà wọn kò jọra rárá. Lauda fúnra rẹ̀ bá àwọn tí ó ṣe fíìmù náà sọ̀rọ̀, ó sì sọ ọ́ ní gbangba pé òun fẹ́ràn Hunt. Ìjà a máa ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ilé sinimá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi ìkórìíra kún un. Òtítọ́ ibẹ̀ dára ju ìyẹn lọ: ènìyàn méjì lè fi gbogbo agbára du ohun kan náà, kí wọ́n sì máa bọ̀wọ̀ fún ara wọn.

Ohun tí ó gbẹ̀yìn wọn náà kọ́ wa lọ́gbọ́n. Hunt fi eré ìje sílẹ̀ ní 1979, ó di asọ̀rọ̀ lórí eré ìje ní BBC. Ìgbésí ayé ìjẹkújẹ ti gba púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ń tún ara rẹ̀ ṣe, ó ti jáwọ́ nínú ọtí, nígbà tí àrùn ọkàn pa á ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà, 1993. Ọmọ ọdún 45 péré ni. Lauda gba ipò kìíní lágbàáyé lẹ́ẹ̀kan sí i ní 1977, ó sì tún gbà á ní 1984, tí ó fi ìdajì máàkì péré ju Alain Prost lọ. Ó dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú sílẹ̀. Ó dé fìlà pupa bo àpá orí rẹ̀ títí ó fi kú ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún, 2019, ní ẹni 70 ọdún.

Nínú ilé tiwa

Ẹ̀yin òbí, ọ̀pọ̀ ìgbà ni a fi ẹnu wa dá ogun sílẹ̀ láàrin àwọn ọmọ wa. "Ṣé o kò rí àbúrò rẹ ni?" "Orí méjì ni ọmọ Ìyá Bọ̀sẹ̀ ní?" A rò pé a ń ta ọmọ jí, ṣùgbọ́n a ń kọ́ ọ láti kórìíra ẹni tí ó yẹ kí ó kọ́gbọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Bí a bá ní, "Lọ bá àbúrò rẹ, kí ó fi bí ó ti ṣe é hàn ọ́," ọ̀rọ̀ náà kò gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ibi tí ó ń gbé ọmọ lọ yàtọ̀.

Ẹ̀yin oníṣòwò, oníbàárà tí ó fi ìsọ̀ yín sílẹ̀ lọ sí ti ẹnìkejì mọ ohun tí ó rí níbẹ̀. Ẹ wádìí rẹ̀ dípò kí ẹ di olùkọ́ yín ní kùnsínú. Bí ìjàǹbá bá sì dé bá a, ẹ jẹ́ kí ó bá yín lára àwọn tí yóò kọ́kọ́ wọ inú iná.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òjò yóò rọ̀ sí ojú ọ̀nà tiyín, tí àwọn ènìyàn yóò máa pariwo pé kí ẹ má dúró. Bí ó bá tọ́ láti bọ́ sílẹ̀, ẹ bọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá sì bi yín ní ìdí rẹ̀, ẹ má purọ́ mọ́ ẹ́ńjìnì.