Oògùn tí kì í jẹ́ kí ara lo èémí



Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn dókítà máa ń lò fún irú oró kan: histotoxique. Báyìí ni Faransé ṣe ń kọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Ròmáníà ń kọ ọ́ ní histotoxic. Ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ni ó ti wá. Histos ni òfì àti aṣọ tí a hun lórí rẹ̀. Toxikon ni oró tí wọ́n ń fi sí ẹnu ọfà. Faransé pàápàá, tissu ni wọ́n ń pe aṣọ, tissu náà ni wọ́n ń pe ẹran ara. Àwa tí à ń gbin òwú, ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kó ṣàjèjì sí wa.

Oró tí ń ba ẹran ara jẹ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Èyí tó léwu jù nínú wọn ni èyí tí kì í jẹ́ kí ara lo èémí. Afẹ́fẹ́ ń wọlé, ẹ̀jẹ̀ ń gbé e kiri, ṣùgbọ́n ara kò lè lò ó. Ó dà bí ẹni tí oúnjẹ kún ẹnu rẹ̀ tí kò lè gbé e mì. Ẹni náà ń mí hẹlẹhẹlẹ, síbẹ̀ ó ń kú lọ.

Inú ilé ni irú rẹ̀ ti sún mọ́ wa jù. Ẹ wo hóró oògùn tí a ń fi sí àgbàdo àti ẹ̀wà nítorí kòkòrò, èyí tí wọ́n kọ phosphure d'aluminium sí lára agolo rẹ̀. Bí ó bá kan ọ̀rinrin, àní ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ lásán, ó ń tú gáàsì jáde. Gáàsì náà ni ń pa ènìyàn. Ó lè máa rùn bí áyù tàbí ẹja tó ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé òórùn. Ẹ má gbé àpò tí a fi í sí sínú yàrá tí ènìyàn ń sùn, tàbí yàrá tó fara kàn án. Bí hóró náà bá dà sílẹ̀, ẹ má da omi sí i. Gáàsì yóò pọ̀ sí i ni.

Oògùn òwú tí a ń fọ́n ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn, iṣan ìmọ̀lára ni wọ́n ń bá jà, dókítà sì ní abẹ́rẹ́ atropine fún àwọn kan. Gáàsì yìí kò ní ẹ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí agolo oògùn fi gbọ́dọ̀ bá aláìsàn dé ilé ìwòsàn, kí dókítà lè mọ èyí tó mú un.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ gbé e síta, kí ẹ sì gbéra lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi epo pupa tàbí wàrà dá a dúró. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ ti mọ ẹni tó ní alùpùpù tí a lè jí lóru.