Ìpínká Ìpíndọ́gba Àbùwò

Ẹni tí ń se ọbẹ̀ kì í jẹ ẹ́ tán kí ó tó mọ̀ bóyá iyọ̀ rẹ̀ tó. Díẹ̀ ni ó ń bù tọ́ wò. Láti inú ìṣe yìí ni a ti lè fa ọ̀rọ̀ náà àbùwò yọ, fún ìwọ̀nba tí onímọ̀ ìṣirò ń mú nínú ọ̀pọ̀ ohun kí ó lè mọ bí gbogbo wọn ti rí. Bí ohun kọ̀ọ̀kan bá ní àǹfààní kan náà láti bọ́ sínú rẹ̀, àbùwò aláìṣàyàn ni. Kò tọ̀nà láti pe èyí ní àbùwò wúruwùru, nítorí pé ètò wà nínú rẹ̀.

Ìpínká méjì ni a gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀: ti àwọn ohun náà fúnra wọn, àti ti àwọn ìpíndọ́gba tí a rí nígbà tí a bu àbùwò léraléra. Bí a bá da dáìsì lúdò lẹ́ẹ̀kan, ojú 1 títí dé 6 ní àǹfààní ọgbọọgba. Ìpínká pẹrẹsẹ ni. Bí a bá dà á lẹ́ẹ̀mejì, tí a sì pín àròpọ̀ rẹ̀ sí méjì, ọ̀nà 36 ni ó lè gbà bọ́. Ọ̀nà 1 péré ni ó ń mú ìpíndọ́gba 1 wá, bákan náà ni ti 6. Ṣùgbọ́n ọ̀nà 6 ni ó ń mú 3.5 wá. Àwòrán náà ti di òkè tí ó ga láàárín.

Níhìn-ín ni ó yẹ kí olùkọ́ ti ṣọ́ra. Iye àbùwò yàtọ̀ sí ìtóbi àbùwò. Bí iye àbùwò bá ń pọ̀ sí i, àwòrán náà yóò túbọ̀ hàn kedere, ṣùgbọ́n kò ní fún. Ìtóbi ni ó ń mú un fún: bí ìtóbi bá jẹ́ 4, ìfọ́nká àwọn ìpíndọ́gba yóò jẹ́ ìdajì ti dídà ẹ̀ẹ̀kan, bí ó bá jẹ́ 16, ìdámẹ́rin ni.

Bí ìtóbi ti ń pọ̀ sí i ni àwòrán náà ń súnmọ́ ìrísí agogo tí a dojú rẹ̀ dé, ìbáà jẹ́ pé ìpínká àwọn ohun náà tẹ̀ sápá kan, níwọ̀n ìgbà tí ìfọ́nká wọn bá ti ní òpin. Ìrísí yìí ni ààlà rẹ̀. Ní 1920, George Pólya fún òfin yìí ní orúkọ ní èdè Jámánì, nítorí ipò pàtàkì rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ ìṣeéṣe, kì í ṣe nítorí àárín òkè náà. Nítorí náà, òfin ààlà gbòógì ni ìtumọ̀ tí ó yẹ ẹ́. Òfin ààlà àárín yóò ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà.